Ìṣáwùrú Inú Àpótí Dígí

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ọmọ tí a kò mọ̀ rí bá yà sí agboolé ẹni, a kì í lé e jáde, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbà á sílé láìbéèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí àgbà ilé kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Níbo ni o ti ń bọ̀?" Nígbà tí ó bá dáhùn tán ni a ó tó mọ̀ bóyá oúnjẹ ni a ó fún un, tàbí a ó mú un padà tọ àwọn òbí rẹ̀ lọ. Irú ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, kọ́ láti máa bi àlejò kan tí ó wọ ilé ìwé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Àlejò náà kì í ṣe ènìyàn. Ó ń gbé ilé rẹ̀ lẹ́yìn kiri, kò sì lè fi ẹnu dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò rí ìdáhùn rẹ̀ kà lára ìkarahun rẹ̀.

Katikíìsì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ mi sì fi mí sí ààrin àwọn ọmọdé, nítorí pé lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọ, mo ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ilé ìwé wa. Àwọn tí wọ́n kọ́ mi ní iṣẹ́ olùkọ́ a máa tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí ọmọdé bá fi ojú ara rẹ̀ rí kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ọkùnrin kan tí ń gé dígí fèrèsé pé kí ó ṣe àpótí dígí kan fún wa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìbú àti gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. A fọ yanrìn títí omi ìfọ̀ rẹ̀ fi mọ́ kedere, a tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí, a da omi sí i, a sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò. Lẹ́yìn náà ni a lọ sí odò láti wá ewéko. Àwọn ọmọ dúró lókè. Èmi nìkan ni mo wọ inú omi, pẹ̀lú bàtà rọ́bà gígùn lẹ́sẹ̀ mi. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ yóò hàn níwájú. Ewéko tí ń hù lábẹ́ omi ni a gbìn sínú yanrìn, a sì fi ojú oró díẹ̀ lé ojú omi, nítorí ẹwà rẹ̀ àti nítorí òjìji tí ó ń ṣe fún ẹja. Ìgbẹ̀yìn ni a fi epìyà kéékèèké mẹ́rin sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tí ó tún pẹ́ dé sí ẹ̀kọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ mú kígbe pé, "Tíṣà, ẹ wá wò ó o! Ìgbín ti wọ ilé ẹja." Gbogbo wọn sáré lọ wò ó. Lóòótọ́, àwọn ohun kéékèèké mẹ́ta ń fà lára dígí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró àgbàdo lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ka mọ́kàndínlógún. Èmi kò fi wọ́n síbẹ̀, àwọn ọmọ pẹ̀lú sì sọ pé àwọn kò fi wọ́n síbẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n rò pé àlejò wọ̀nyí ti wá. Ọ̀kan ní òjò ni ó rọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀ rán an létí pé abẹ́ òrùlé ni àpótí wà. Òmíràn ní yanrìn ni ó pẹ́ nínú omi tí ó sì di ìgbín. Ẹnìkẹta rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ó lè jẹ́ pé ọ̀tá kan ni ó wá jù wọ́n síbẹ̀ lóru. N kò bá wọn jiyàn. Mo sọ fún wọn pé iyàn kì í tán nípa ariwo, bí kò ṣe nípa ìdánwò.

A mú àwo funfun méjì. A bu yanrìn tí a ti fọ̀ àti omi sínú èkíní. A bu omi bákan náà sínú èkejì, a sì fi ẹ̀ka ewéko kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ti odò wá sí i. Nígbà tí a yí ewé náà padà, a rí ohun kan tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, tí ó mọ́ gaara, tí ó sì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nínú rẹ̀ ni àwọn àmì tíntìntín wà, bí ibi tí a fi ẹnu abẹ́rẹ́ kàn. Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn àmì náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀ nínú ilé wọn. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkarahun rẹ̀ lẹ́yìn. Inú àwo èkíní, yanrìn ṣì jẹ́ yanrìn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i pé ẹyin ni àlejò wa, àwa fúnra wa ni a sì gbé e wọlé pẹ̀lú ewéko. Mo sọ fún wọn pé ní ọdún 1668, Francesco Redi, ará Ítálì, ṣe irú ìdánwò yìí pẹ̀lú ẹran àti eṣinṣin, tí ó sì fi hàn pé ìdin kì í ti inú ẹran jáde bí eṣinṣin kò bá yé sí i. Inú ẹni tí ó dárúkọ ọ̀tá dùn pé kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀.

Ó kù kí a bi àlejò ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí a fi lé ènìyàn lọ́wọ́ nínú ọgbà ni pé kí ó sọ àwọn ẹ̀dá lórúkọ, mo sì rò pé iṣẹ́ náà kò tíì parí. Èdè wa kò ṣe ahun nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ń pe èyí tí ó tóbi, tí ń gbé inú igbó, tí a sì ń jẹ, ní ìgbín. A ní ìpeere àti ìlákọ̀ṣe, àwọn kéékèèké orí ilẹ̀. A sì ní òkòtó, tí àwọn ọmọdé ń ta nílẹ̀ tí ó ń yí bìrìbìrì. Ti inú omi ni ìṣáwùrú. Ṣùgbọ́n ìṣáwùrú kan yàtọ̀ sí òmíràn gẹ́gẹ́ bí ewúrẹ́ ti yàtọ̀ sí àgùntàn, ẹni tí ó bá sì pè gbogbo wọn ní ohun kan ṣoṣo kò ní mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún. Nítorí náà, mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: Níhà ibo ni ẹnu rẹ̀ wà? Fi ṣíbí gbé e, kọ ṣóńṣó ìkarahun rẹ̀ sókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ọ. Bí ẹnu náà bá wà ní apá ọ̀tún rẹ, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Bí ó bá wà ní apá òsì, ọlọ́wọ́ òsì ni. Èkejì: Ó ha ní ìdérí bí? Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ní ìdérí líle kan ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá wọlé, wọn a fi í ti ìlẹ̀kùn. Àwọn mìíràn kò ní in. Ẹ̀kẹta: Ó ha ga bí òkòtó, tàbí ó rí róbótó, tàbí ó pẹlẹbẹ bí okùn tí a ká jọ?

Nígbà tí a fi ìbéèrè wọ̀nyí wádìí, a rí i pé oríṣi méjì ni ó wà nínú àpótí wa. Oríṣi kan gùn, ṣóńṣó rẹ̀ mú, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, ó sì ní ìdérí. Melanoides ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní ọ̀sán, inú yanrìn ni ó ń sápamọ́ sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á jáde láti jẹun. Kì í yé ẹyin. Ọmọ ni ó ń bí, abo rẹ̀ sì lè bímọ láìsí akọ, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo lè kún inú àpótí bí a bá fún un ní àyè. Oríṣi kejì kéré, ìkarahun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń dán, ọlọ́wọ́ òsì ni, kò sì ní ìdérí. Ìwo orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó yára ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, ó sì lè dorí kodò kí ó máa rìn lábẹ́ ojú omi bí ẹni ń rìn lórí àjà. Physa ni èyí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá ni ilé rẹ̀ àtètèkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti bá ewéko omi tí àwọn ènìyàn ń tà tí wọ́n sì ń rà kiri dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, ó sì ti dé odò wa pẹ̀lú. Òun ni ó yé ẹyin bí ọbẹ̀ ilá. Bí a bá rí èyí tí ó tóbi, tí ó rí róbótó, tí ó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì tí ó sì ní ìdérí, Lanistes ni. Òun a máa jẹ ewéko tútù, kò sì yẹ kí ó wà nínú àpótí kékeré.

Nígbà tí a ti mọ orúkọ wọn, ọ̀rọ̀ kan àwọn àgbà ilé ìwé. Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, gbà mí nímọ̀ràn pé kí n da díẹ̀ sínú omi nínú oògùn aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n ń pò mọ́ ẹfun láti fi fín kòkó. Lóòótọ́, bàbà ni ó wà nínú oògùn náà, bàbà sì máa ń pa ìṣáwùrú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó tó láti pa wọ́n lè pa ẹja pẹ̀lú. Bí ẹja bá tilẹ̀ yè é, òkú ìṣáwùrú púpọ̀ tí ó jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà yóò ba omi jẹ́ mọ́ ọn lára. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó mú wọn pọ̀, kí a tó wá ohun tí yóò pa wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní oṣù kan.

Mo sọ fún un nípa Robert Warington, onímọ̀ kẹ́místrì kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọkùnrin yìí fi ẹja wúrà méjì àti ewéko omi sínú ohun èlò kan, ó ń wá bí wọn yóò ti máa gbé pọ̀ láìjẹ́ pé a ń pààrọ̀ omi wọn. Kò pẹ́ tí ewé tí ó rọ fi ń jẹrà, ohun aláwọ̀ ewé sì bo dígí, tí omi náà kò fi dára mọ́. Nígbà náà ni ó mú ìṣáwùrú díẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n jẹ ewé tí ó ń rà, wọ́n lá dígí mọ́, ẹja sì ń rí oúnjẹ nínú ẹyin wọn. Ní ọdún 1850 ni ó ròyìn iṣẹ́ náà fún àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1853 ni wọ́n sì ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ohun tí olùkọ́ yìí fẹ́ pa ni Warington fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá kiri. Agbálẹ̀ ni ìṣáwùrú jẹ́. Bí agbálẹ̀ bá pọ̀ jù ní agboolé, a kò gbọdọ̀ ṣàìwo bí ìdọ̀tí ibẹ̀ ti pọ̀ tó.

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ní àkókò ìsinmi, mo sì wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ìfẹ́ ni àwọn ọmọ ní sí ẹja. Ẹni tí ó ń jẹ àkàrà á bù lé wọn. Ẹni tí ó ń jẹ búrẹ́dì á bù lé wọn. Ẹni tí ó ń mu gàrí Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí gàrí tirẹ̀ gbẹ́yìn. Ẹja mẹ́rin kò lè jẹ oúnjẹ ọgọ́ta ọmọ. Gàrí wú ní ìsàlẹ̀ omi, àkàrà ń jẹrà, àwọn ìṣáwùrú sì ń jẹ, wọ́n ń yé, wọ́n ń bí. Bí oúnjẹ bá ti mọ ni iye wọn ń mọ. Ohun tí a dà sínú omi ni omi ń dá padà fún wa.

Nítorí náà a ṣe òfin. Ọmọ kan ṣoṣo ni yóò máa bọ́ ẹja lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ tán kí ó tó ka ení dé ọgọ́fà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ń fa ewé tí ó bá rọ jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń fi ewé tẹ̀tẹ̀ kan tí a ti bọ̀ nínú omi gbígbóná sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó bá ìṣáwùrú púpọ̀ lórí rẹ̀, a ó sì fi ṣíbí gbé ewé náà jáde tòun tàwọn. A ń há ẹyin wọn kúrò lára dígí. Ewéko tuntun kò tún wọ àpótí ní tààrà mọ́. A ó kọ́kọ́ fi í sínú àwo funfun fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ohun tí ó bá sápamọ́ lè fi ara hàn. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, a kó mẹ́rìndínláàádọ́ta lórí ewé tẹ̀tẹ̀. Nígbà tí oṣù tí olùkọ́ náà fún mi pé, mẹ́jọ ni a kó, dígí sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kan bi mí bóyá a ti pààrọ̀ rẹ̀. A fi díẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dé yìí ni ó mú kí n kọ̀wé. Nígbà tí a ń fi ìbéèrè mẹ́ta wa kọ́ ẹ̀kọ́, mo fi ìkarahun òfìfo kan hàn wọ́n tí mo ti tọ́jú pẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni, kò ní ìdérí, ó fara jọ Physa. Ṣùgbọ́n kò dán bíi tirẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ kò sì mú tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bulinus ni èyí. Ojú tí kò bá ní ìrírí kò lè tètè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Physa. Nítorí náà, ìṣáwùrú odò tí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì tí kò ní ìdérí, àti èyí tí ó bá pẹlẹbẹ bí okùn tí a ká, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ kò sì gbọdọ̀ wọ omi tí ó ń gbé." Mo sọ fún wọn pé nípasẹ̀ Bulinus ni aràn kan fi ń dé ara ènìyàn, tí ẹni náà yóò sì máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ariwo kíláàsì dákẹ́.

Nígbà tí agogo lù, ọmọkùnrin kan tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìn ilé ìwé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ní, "Tíṣà, ṣé ìgbín yẹn ni ó ń mú kí ìtọ̀ èèyàn pọ́n níparí?" Mo bi í pé ìtọ̀ ta ni. Ó wolẹ̀. Ó ti lo ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní abúlé kan tí odò wà lẹ́bàá rẹ̀, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Láti oṣù mẹ́ta ni ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ kan tí ó jù ú lọ sọ fún un pé àtọ̀sí ni, pé àwọn oníṣekúṣe ni ó máa ń mú, pé bí ó bá sọ fún ẹnikẹ́ni, a ó nà án. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo bí orúkọ tí kò tọ̀nà ti lè di ẹrù wúwo lé ọmọdé lórí. Àwọn ènìyàn wa kan ń pe àrùn yìí ní àtọ̀sí ajá. Ajá kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kì í sì í ṣe àtọ̀sí. Kò ti inú ìṣekúṣe wá. Inú omi ni ó ti wá. Mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní, "Màmá, ẹ má ṣe bínú sí i. Kò ṣe ohun tí ó burú. Odò ni ó wẹ̀." Obìnrin náà fi ọwọ́ lérí, ó ní, "Katikíìsì, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ń rí ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n bi í." Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí ó mú ìtọ̀ wá ní ọ̀sán, nítorí pé láàárín agogo mẹ́wàá àti agogo méjì ni ẹyin aràn náà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, wọ́n rí ẹyin náà, pẹ̀lú ẹ̀gún ṣóńṣó ní ìdí rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tí à ń pè ní praziquantel. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìtọ̀ rẹ̀ fi mọ́.

Ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ yípo, kí a má baà dá ìṣáwùrú nìkan lẹ́bi. Aràn náà ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ènìyàn ká. Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ rí i ní Káírò ní ọdún 1851. Ẹyin rẹ̀ elẹ́gùn-ún ń gún àpò ìtọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Bí ẹni tí ó ní in bá tọ̀ sínú odò, ẹyin yóò pa nínú omi, ọmọ aràn yóò sì máa wá Bulinus kiri. Bí kò bá rí i láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, yóò kú. Bí ó bá rí i, yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì di púpọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún yóò jáde sínú omi ní ojú ọ̀sán, gan-an nígbà tí oòrùn mú tí àwọn ọmọ ń wá ibi tí wọn yóò ti lúwẹ̀ẹ́. Wọn kò lè yè ju ọjọ́ méjì lọ bí wọn kò bá rí ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wọ omi, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Ní ọdún 1915 ni Robert Leiper, dókítà ará Bìrìtìkó, fi hàn ní ilẹ̀ Íjíbítì pé ìṣáwùrú ni ó wà láàárín ènìyàn kan àti ènìyàn kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá fi àrùn náà sílẹ̀ láìtọ́jú, ó lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó lè pa obìnrin lára ní ojú ara, ó sì lè yọrí sí jẹjẹrẹ nínú àpò ìtọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìṣáwùrú kì í bí aràn yìí mọ́ ọmọ rẹ̀. Èyí tí a bá pa láti inú ẹyin nínú àpótí wa kò ní àrùn kankan, nítorí pé kò sí ẹni tí ń tọ̀ sínú àpótí. Èyí tí ó ti dàgbà nínú odò ni kí a bẹ̀rù, kí a sì fi ṣíbí mú un kúrò lára ewéko kí ewéko náà tó wọlé. Ọ̀dọ̀ wa ni ìṣáwùrú ti ń gba àrùn, kí ó tó dá a padà fún wa.

Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ní ẹ̀rí tí ó tóbi. Ní ọdún 1983 ni ìjọba ṣí ìsédò Ọ̀yán, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, kí àwọn ènìyàn lè rí omi mu. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n omi tí ń ṣàn tẹ́lẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, koríko hù létí rẹ̀, ìṣáwùrú rí ilé, àwọn apẹja sì tẹ̀dó síbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, láìsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láìsí omi mìíràn fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ. Àwọn olùwádìí tí wọ́n dé àwọn abúlé náà rí i pé ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti tàn ká láàárín àwọn ọmọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe ìṣáwùrú wá sí Ọ̀yán, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ti pè é wá sínú àpótí wa. Ibùjókòó ni a pèsè sílẹ̀.

Oògùn wà, kò sì wọ́n. Ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu láti máa fi oògùn tọ́jú ó kéré tán 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n wà ní ibi tí àrùn yìí wà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá mú un wá sí ilé ìwé, wọn a máa fi ọ̀pá ìwọ̀n kan lélẹ̀. Ọmọ yóò dúró tì í, gíga rẹ̀ ni yóò sì sọ iye hóró oògùn tí yóò gbé mì. Kí àwọn ọmọ jẹun kí wọ́n tó lò ó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan sá pamọ́ ní ọjọ́ náà nítorí àhesọ. Ṣùgbọ́n oògùn kì í dènà àkókò mìíràn. Bí ọmọ bá padà sínú omi kan náà, àrùn lè tún mú un. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń lò àti omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ ni ààbò tí ó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tí ó bá ní irú àpótí yìí nílé ìwé. Bí ìṣáwùrú tàbí ewéko bá pọ̀ jù, má ṣe dà wọ́n sínú odò tàbí gọ́tà. Ní ọdún 1984 ni wọ́n rí ewéko omi kan, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ní odò Badagry. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá, ẹwà òdòdó rẹ̀ sì ni ó mú kí àwọn ènìyàn máa gbé e láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi bo ojú ọ̀sà, tí ọkọ̀ apẹja kò fi rí ọ̀nà gbà. Ohun tí ó kéré nínú àwo lè di aláṣẹ nínú odò. Ti ìṣáwùrú, a ń da omi gbígbóná lé wọn lórí nínú garawa, a sì ń rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewéko, a ń sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní abúlé ẹ̀bá odò, láti Ìjẹ̀bú etí omi dé òkè, pé kí ẹ yan ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ yín ní gbangba, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́ àti láìfi ìtìjú bò ó. Ẹ fi ìkarahun hàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n kò dẹ́ṣẹ̀, kí ó wá bá yín, kí ó sì bá òbí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ sì wà ní ibi tí ọmọ tí ó ń bẹ̀rù ti lè rí yín ní òun nìkan. Ní ilé ìwé wa, lẹ́yìn ọmọkùnrin àkọ́kọ́ náà, àwọn méjì mìíràn ti tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìn ilé ìwé.